Tẹ̀sùbáà Tí Màmá Mú

Jímọ́ọ̀, Ìsítáńbúùlù

A ti ṣe Ùmúrà tán ní Mẹ́kà, a yà síbí; ọ̀la la ó wọ bàálù lọ sílé. Èmi ni mo ní kí Màmá kọ́kọ́ rí ọjà àtayébáyé tó wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo yẹn, tí mo ti kà nípa rẹ̀ tipẹ́.

Ọlọ́jà kan ti da aṣọ bo ọjà rẹ̀, ó lọ kírun. Màmá ṣí aṣọ náà, wọ́n mú tẹ̀sùbáà kan, wọ́n sì fi owó dọ́là sí ipò rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká dúró dè é."

"Dúró ṣe kí ni? Ṣé ẹnì kan ń ṣọ́ ọsàn lójú ọ̀nà oko wa l'Ókè-Sopen ni? Ẹni tó bá fẹ́ rà á á fi owó sílẹ̀, á mú ọsàn lọ. Mùsùlùmí sì ni ọlọ́jà yìí náà."

Ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́jà náà gbá ọwọ́ Màmá mú, ó ń pariwo. Èrò pé jọ. Mo sọ Òyìnbó títí, mo ń nàka sí owó, kò sẹ́ni tó gbọ́. Kí wá ni gbogbo ìwé tí mo kà wà fún?

Nígbà tí ọlọ́jà dé, ó dá owó padà, ó gba tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì kẹ̀yìn sí wa.

"Kí ló wí? Ṣé ó mọ̀ pé n kì í ṣe olè?" Ìbéèrè Màmá nìyẹn títí a fi dé òtẹ́ẹ̀lì.

Mo sọ fún wọn pé ọlọ́jà náà ní kí wọ́n má bínú. Inú wọn dùn, wọ́n ṣàdúà fún un.

N kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tó sọ.