Ta Ló Ni Àwọn Àgbẹ̀ Boni?

Ṣábẹ,
Oṣù Kọkànlá, 1979.

Zénabou, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí baálé rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara gbogbo yín le? Ṣé ọyẹ́ Parakou kò tíì máa bá yín jà? Ní tèmi, ara le, ọkàn ni kò balẹ̀. Lẹ́tà yìí kì í ṣe ti bíró, nítorí náà n kò ní fi "ìjàkadì ń tẹ̀síwájú" parí rẹ̀ bí ìjọba ṣe ní ká máa ṣe. Ìjàkadì tó wà nínú ilé mi tó mi.

O béèrè ìdí tí wọn kò fi rí mi mọ́ nínú ọkọ̀ oníṣu. Mo ti di ìyàwó Lùkúmọ́nù. Má rẹ́rìn-ín. Lùkúmọ́nù náà ni, ọmọ àwọn oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wá, tí mo máa ń ṣépè fún níwájú rẹ nígbà tí o ṣì wà ní Ṣábẹ. Ìgbéyàwó náà yá kánkán, n kò rí ẹni rán sí ọ. O mọ bí a ṣe ń du iṣu mọ́ra wa lọ́wọ́. Bí mo bá gbọ́ pé àgbẹ̀ tuntun kan wà, á ti dé ilé rẹ̀ kí n tó dé. Bí iṣu mi bá wọ Kùtọnu, á ní ó ti jẹrà. Àwọn àgbẹ̀ mi ní Boni nìkan ni kò rí gbà, nítorí ọwọ́ ìyá mi ni mo ti jogún wọn.

Epo ọkọ̀ ló kó wa pọ̀. Epo wọ́n, olórí dísírìkì wá pàṣẹ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo oníṣu yóò máa wọ̀ lọ sí Boni àti Okpara. Bí èmi àti ọ̀tá mi ṣe di ará iwájú ọkọ̀ nìyẹn, tí a kẹ̀yìn síra wa bí olórogún. Á máa jẹ ẹ̀pà, á máa da èèpo rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí a ń bọ̀ láti Okpara, àwọn ológun dá wa dúró. Wọ́n ní iṣu mi pọ̀ jù, pé mo ń kó oúnjẹ aráàlú pamọ́. Wọ́n ti ní kí n sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí Lùkúmọ́nù sọ pé, "Kamaráàdì, ẹrù mi nìyẹn. Obìnrin yìí kàn wọkọ̀ ni." Wọ́n gbá a létí, wọ́n kó iṣu náà, wọ́n sì mú un lọ. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, mo gbé oúnjẹ lọ bá a, mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá tì mí mọ́lé, ta ni òun yóò máa bá jà? Ibẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti gbé mi ṣubú, Zénabou. Láti ọjọ́ náà, bí n kò bá gbọ́ èébú rẹ̀, oorun kì í kùn mí.

Wá gbọ́ ibi tó ti korò. O mọ àṣà wa. Àgbẹ̀ kì í ta iṣu fún oníbàárà méjì. Ẹni tó ń bá a ṣọ̀fọ̀, tó ń bá a sọmọ lórúkọ, ni tirẹ̀, oníbàárà náà kò sì lè fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi ọmọ tàbí ọkọ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìyá Lùkúmọ́nù ní iwájú ọkọ̀ kì í ṣe ibi ìjókòó ìyàwó tuntun. Ọkọ mi bẹ̀ mí pé kí n sinmi fún sáà kan péré, kí òun máa bá mi ra iṣu Boni. Mo mú un lọ sí Boni, láti ilé dé ilé, ó bá wọn mu omi nínú igbá kan náà, mo sì ń sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé, "Èyí ni èmi."

Sáà náà ti kọjá. Mo ní mo fẹ́ padà sójú ọ̀nà, ó ní ṣé òun kò tọ́jú mi ni. Ó ń tọ́jú mi, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Kò tilẹ̀ bú mi mọ́.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Boni. Bàbá Barthélemy, tó máa ń gbé mi kọ́rùn nígbà tí mo wà ní kékeré, fún mi ní ìjókòó, ó fún mi lóúnjẹ, ó béèrè ọkọ mi. Nígbà tí mo béèrè iṣu, ó dorí kodò. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo mú un wá, ìwọ lo ní òun ni ìwọ. Ta ni kí n wá pe ẹni tó dúró síwájú mi yìí?" Mo sunkún títí mo fi dé ilé.

N kò mọ̀ bóyá èmi ni Lùkúmọ́nù fẹ́ tàbí Boni. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé òun náà kò mọ̀. Mo ti sọ fún un pé mo ń padà sí iṣẹ́ mi, láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ mí rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò bá mi ru ẹrù. Mo ní bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, kó má pè mí níyàwó. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba ṣọ́ ilé rẹ. Kó má jẹ̀ẹ́ kí ohun tí o fọwọ́ ara rẹ kó jọ di ti ẹlòmíràn lójú ayé rẹ. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Tàwàkálítù.

Mo gbàgbé: Lùkúmọ́nù ń bọ̀ ní Parakou. Bó bá yà sílé rẹ, fún un lóúnjẹ. Má fi ata púpọ̀ sí i, inú rẹ̀ kì í gbà á. Bó bá béèrè ibi tí mo ti ń ra iṣu, má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ pé Adido ni.