Ẹ̀rọ Tí Mo Kọ́ Ní Ìkúnlẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni mí.

Ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan n'Íbàdàn ni mo ti ń tajà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó dà bí èèyàn dé, wọ́n ní kí n kọ́ ọ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí oníbàárà. Bó ṣe mọ̀ ọ́n tán, wọ́n ní kí n máa lọ.

Mi ò sọ fún ìyá mi. Nígbà tó wá kí mi, ó ní dandan, òun fẹ́ rí ibi iṣẹ́ mi, mo bá mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ̀rọ náà kúnlẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Kó tó wò ó dáadáa, àdúrà ti bọ́ lẹ́nu ẹ̀: "Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ o." Ló bá yíjú sí mi: "Ìwọ ńkọ́? Kí nìwọ ń ṣe níbí?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá a lóhùn.