Ìdí Tí Ìyá Wa Fi Bá Ara Wọn ní Kánò

Àràmọ̀kọ́-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 1962.

Sàfúrátù àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ìkókó tí n kò tíì rí. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi tó wú ti rọlẹ̀. Ìyá wa, tí wọ́n gbéra láti wá wẹ ọmọ fún ọ, padà dé láti Kánò lánàá, ara wọn le.

Sàfúrátù, ohun tí wọ́n sọ fún mi kò jẹ́ kí n lè jẹun. O kọ̀wé pé ọkọ rẹ ti fẹjọ́ òṣìṣẹ́ ìkóríta rélùwéè sùn, pé òṣìṣẹ́ náà kò sọ fún Ìyá kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí ìlú yín. Áà, ó sọ! Ó tilẹ̀ gbé ẹrù wọn sọ̀ kalẹ̀. Ìyá já a gbà: "Àkọ́bí mi ní n ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ṣé ìwọ lo bí i ni, tí o fi mọ̀ jù ú lọ?" Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ náà títí dé Kánò.

Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ yín ní 1954, ńṣe ni wọ́n tú yàrá ọkọ̀ ojú irin tí a jókòó sí kúrò lára ìyókù ní ìkóríta náà, tí wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlú yín. Èrò kankan ò sọ̀ kalẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, mi ò sì béèrè. Èmi alákọ̀wé!

Jọ̀ọ́, ka ìwé yìí sí ọkọ rẹ létí lónìí, kí wọ́n lọ gba ọkùnrin náà sílẹ̀ kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ tó lé e níbi iṣẹ́. Èmi ni kí wọ́n bínú sí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmú rẹ kún, kí ọmọ náà gbó ju gbogbo wa lọ. Ìyá ní àwọn ṣì ń bọ̀ wá wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ò ní bi mí lọ́nà mọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sànní.