Bàbá Mi, Mo Fẹ́ Pa Irùngbọ̀n Mi Rẹ́ Pátápátá

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó kí yín, nítorí bí mo bá kọ́kọ́ kí yín, ojú á tì mí láti sọ ìyókù. Bí ẹ ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ẹni tó bá ti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà ti gbé ìbínú rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Lónìí, mi ò tíì dọ̀bálẹ̀. Mo jókòó.

Gbogbo ilé wà ní àlàáfíà, àfi àgbọ̀n mi. Àgbọ̀n mi ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nínú pálọ̀ yín, lórí àga yín. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ló pè é. Òjò ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì Màámi láti ìgbà tí òjò Douala yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lórí ìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù àlùbọ́sà yín ní ọjà Sandaga wà ní títì pa láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lórí ìyẹn náà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ wá wo ilé yín báyìí, làpálàpá ni wọ́n ń fi gbogbo agbára pa.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ilé yìnyín ní Bassa, níbi tí wọ́n ń kó ẹja pamọ́ sí kó tó dé ọjà, èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń mú un tutù. Gáàsì tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn, bó bá jò, ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá jà. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í wọ yàrá ẹ̀rọ láìfi ìbomú rọ́bà ńlá bo ojú, ìbomú náà sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ara pinpin. Bí irùngbọ̀n bá hù díẹ̀ báyìí, atẹ́gùn á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ìbomú ti di ẹrù lásán nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fá a ní àràárọ̀ kí n tó gun ọ̀kadà bẹnsíkíìnì lọ síbi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n irùn tèmi, bí mo bá fá a, kì í hù jáde bíi ti ẹlòmíì. Ó máa ń ká kò, á sì yí orí padà gún ara wọlé. Ibi tó gún á wú, á gba ọyún, bí ọyún bá sì gbẹ, á di kókó líle tí kì í lọ mọ́. Orí kókó yẹn ni mo tún ń gbé abẹ gbà lọ́jọ́ kejì, orí ẹ̀ náà ni mo ń de rọ́bà mọ́. Nígbà tí mo bá ṣí ìbomú nírọ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a jáde. Àwọn tó wá sípàdé ń sọ̀rọ̀ bíi pé mo kàn jí lọ́jọ́ kan ni mo ní àgbọ̀n ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ló wù mí.

Kí ni mi ò tíì ṣe? Mo lo lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń pò bí ẹ̀kọ, tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó fá irùn, ó sì bó mi lára. Mo lo ẹ̀rọ ìgẹrun oníná, ó ń ṣẹ́ irùn kù, ìbomú ò sì fẹ́ ìyẹn. Mo kun ìpara títí. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ kò burú, ó kàn sọ pé bí àgbọ̀n mi ò bá san, òun á gbé mi lọ sí àgbàlá kí n máa ka páálí ẹja. Bàbá, èmi tí mo bá ẹ̀rọ yẹn dàgbà, tí mo máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ tí mo ti mọ ibi tó ń dùn ún.

Nígbà náà ni mo wá ọ̀nà tí irùn náà ò fi ní hù mọ́ rárá. Mo kọ́kọ́ lọ sí ilé ìṣaralóge kan ní Akwa, ilé onígíláàsì, tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ níbẹ̀ bíi ti ibi iṣẹ́ mi. Mo bi ọmọbìnrin ibẹ̀ bóyá ẹ̀rọ lésà wọn mọ awọ dúdú. Ó ní, "Pas de problème, grand," pé kò sí ìṣòro, ó sì fi ọwọ́ hàn mí àwòrán òyìnbó kan lára ògiri tí àgbọ̀n rẹ̀ ń dán bí abọ́ tánńganran. Mo ní kó kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́ etí. Ó jó mi. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Ó ní ara mi ló le. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀rọ tí wọn ò ṣe fún wa ni wọ́n gbé wá ta fún wa, ìgbà tó jó wa tán, ara wa ló jẹ̀bi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí dókítà awọ ara gidi, obìnrin kan tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n ń fi iná mànàmáná sí, tí wọ́n fi ń pa gbòǹgbò irùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dájú, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, ara tó bá sì máa ń yọ kókó lè tún yọ òmíràn níbi tí abẹ́rẹ́ bá gbà. Èkejì ni lésà, ṣùgbọ́n irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba abẹ́ awọ dúdú kọjá láìjó o. Èyí ni mo yàn. Mo máa lọ, mo máa padà lọ, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò purọ́ fún mi. Ó ní irùn wẹ́wẹ́ kan lè padà wá, kókó tó ti wà nílẹ̀ ò sì ní tìtorí ẹ̀ pòórá, ṣùgbọ́n tuntun ò ní máa yọ mọ́. Mo lọ bi Lèmọ́mù wa, òun náà ní àìsàn ní ìyọ̀ǹda tirẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kí n lọ wo ara mi sàn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Àfi bí Bàbá Kékeré ṣe gbọ́. Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ìwàásù ló ṣe, irùngbọ̀n yín ni ó sì fi ṣe é. Bó ṣe gùn dé àyà. Bí àwọn oníṣòwò Sandaga ṣe máa ń sọ pé ẹni tó ní irú irùngbọ̀n yẹn kò lè rẹ́ni jẹ. Bí ẹ ò ṣe jẹ́ kí abẹ kàn án láti ìgbà ọ̀dọ́ yín nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ìyẹn ẹ̀gbọ́n tí mo fún ní yàrá nígbà tó dé láti Ìlọrin, ó ń rẹ́rìn-ín pé yẹtí ló kù tí mo máa wọ̀. Màámi ń wo ilẹ̀. Bàbá Kékeré wá gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀.

"Bí o bá jó o dànù, má wá jókòó lórí ẹní ọmọ lọ́jọ́ àdúà ọdún bàbá rẹ. Ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ ẹni tó bí i."

Bàbá, èmi àkọ́bí yín. Èmi tí mo gbé yín lọ sí ọsibítù, tí mo gbé yín bọ̀, tí mo sùn sórí símẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mo la ẹnu mi. Èsì wà lórí ahọ́n mi, gbólóhùn kan péré tí ì bá pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Mo tún pa ẹnu náà dé.

Ẹ̀yin mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Láàárọ̀ tí a wẹ̀ yín, àfáà tó ń tọ́ wa sọ́nà ti sọ fún wa kí a tó fọwọ́ kan omi pé ohunkóhun tí ẹni tó ń wẹ òkú bá rí lára òkú, kó bò ó. Orí yín ni mo dúró sí. Bàbá Kékeré ń bu omi. Mo ki ìka bọ inú irùngbọ̀n yín kí n fọ̀ ọ́ dáadáa, mo sì bá kókó pàdé. Ọ̀kan, òmíràn, òmíràn, láti abẹ́ etí dé ọ̀fun, bí ẹ̀pà lábẹ́ aṣọ. Kókó àtijọ́, tó ti le. Tèmi gan-an. Ọwọ́ mi dúró. Bàbá Kékeré wo ojú mi, ó wo ibi tí ọwọ́ mi wà, ó da omi sí i, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa irùn náà bò ó.

Ẹ̀yin náà ni, àbí? Kì í ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́run nìkan. Abẹ ló lé yín wọ inú irùngbọ̀n.

Nígbà tí mo wà lórí itan yín, bí ọwọ́ mi bá fẹ́ kan àgbọ̀n yín, ẹ máa ń yí ojú. Mo rò pé iyì ni. Ẹ máa ń ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó fi sáàsì kékeré gé e, ẹ máa ń fi àdí àgbọn pa á lẹ́yìn ìrun Àsúbà kí ẹnikẹ́ni tó jí. Nígbà tí àgbọ̀n tèmi kọ́kọ́ bẹ́, tí mo ṣì wà ní ilé ìwé girama, ní lycée, ẹ wò mí láàárín oúnjẹ, ẹ ní kí n máa fọ abẹ mi dáadáa. Kí n máa fọ abẹ! Ẹ sì dìde láìjẹun tán. Kí lẹ rò lọ́jọ́ yẹn? Ìtìjú ni, àbí àánú mi ló ṣe yín? Ọdún mélòó lẹ fi fara da abẹ kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀? Àlùbọ́sà ò béèrè ìbomú lọ́wọ́ yín, Bàbá. Ẹ ríbi sá sí. Èmi ò ní. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kọ́. Ẹnu tí ẹ̀yin mú yẹn ló dá ọ̀ràn sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

Mo tẹ̀lé Bàbá Kékeré jáde lọ́jọ́ ìpàdé náà. A dúró lẹ́bàá títì, ó ń dá bẹnsíkíìnì dúró.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ bu omi o, Bàbá Kékeré."

Kò díbọ́n. Ó ní, "A ti bò ó. Àbí o fẹ́ tú bàbá rẹ sí ìhòhò lójú ayé ni?"

Mo ní rárá. Ó gun ọ̀kadà náà, ó lọ. Òun tó mọ̀, òun ló ń fi ohun tí mi ò lè sọ nà mí, ó sì mọ̀ pé mi ò ní sọ ọ́. Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ nìyẹn. Mi ò sọ fún Màámi, bóyá ó tilẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, nítorí kò sí òfin tó ní kí n bo àṣírí yín fún ẹ̀yin fúnra yín. Àṣírí wo gan-an ló wà níbẹ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ ni? Olè lẹ jà? Irùn tó ká kò ni a jọ fi ọwọ́ bò bí ẹni bo ìwà ọ̀daràn.

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ń ta mí lára bí ẹni ń na rọ́bà mọ́ni, òórùn irùn jíjó sì gba yàrá. Mo sunkún. Dókítà rò pé ìrora ni, ó ní òun á dín iná kù. Mo ní kó má dín in. Ẹ̀yin ni mò ń rò, pé irú nǹkan báyìí ti wà láyé kí ẹ tó kú, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ nílò rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo pe àwọn ọmọ yín, ìyẹn àwọn ọmọ mi, mo fi ọwọ́ wọn kan àgbọ̀n mi, kókó lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún wọn pé bó bá bẹ̀rẹ̀ lára ẹnikẹ́ni nínú wọn, kì í ṣe ìdọ̀tí, kí wọ́n wá bá mi. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó.

Lọ́jọ́ àdúà yín, màá jókòó lórí ẹní ọmọ. Bí Bàbá Kékeré bá fẹ́ gbé mi dìde, kó gbé mi níṣojú gbogbo mọ́sáláṣí. Mi ò ní sọ nǹkan kan nípa yín, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Màá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àgbọ̀n mi tí kókó rẹ̀ hàn síta, màá máa ṣe àmín sí gbogbo àdúà tí wọ́n bá ṣe fún yín. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ṣì ń bínú sí yín, mo sì ń ṣàárò yín gidigidi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó jọ yín ju bí wọ́n ṣe rò lọ.