Mo Ti Bá Ọ Gba Láísẹ́ǹsì Àwo

Omifunfun, ọjọ́ Ẹtì

Monílọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Èkó ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn? Ìyá rẹ kí ọ, gbogbo ará ìjọ kí ọ. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí kòkó jẹrà mọ́ wa lọ́wọ́ nínú òjò ọdún yìí kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ jẹrà mọ́ ọ lọ́wọ́. Ewúrẹ́ Límátù tó o yà sínú fíìmù ti bí ìbejì, Límátù ní kó o bá òun sọ wọ́n lórúkọ torí pé òṣèré ni ìyá wọn.

Ọ̀rọ̀ tó o sọ lórí fóònù lọ́jọ́sí ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. O ní fíìmù abúlé wa ti parí, o sì fẹ́ kó wà nínú àwo tó mọ́ kedere, irú èyí téèyàn á ti máa rí irun imú ewúrẹ́, àmọ́ àwọn tó ni irú àwo bẹ́ẹ̀ lókè òkun ní dandan ni kó o gba láísẹ́ǹsì, kó o tún sanwó kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tì í kí olè má baà dà á kọ, bí àwo rẹ kéré o, bó pọ̀ o. O wá bú sẹ́kún, o ní o máa ta kámẹ́rà, o máa jáwọ́. Háà! Kí èmi Elisha wà láyé kí láísẹ́ǹsì lé ọmọ mi lẹ́nu iṣẹ́? Ti kọ́kọ́rọ́ kò le, àgádágodo pọ̀ lọ́wọ́ Màmúdù ní Ore.

Ni mo bá gun ọ̀kadà, ó di ìjọba ìbílẹ̀ ní Ore. Mo ní láísẹ́ǹsì àwo ni mo wá gbà, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn wolé-wolé. Nurat lorúkọ obìnrin tó dá mi lóhùn, ọmọlúàbí gidi ni. Ó ní ṣé ẹ̀gbẹ́ títì la máa wà kí àwọn tó ń lọ Benin lè yà, mo ní ibi gbogbo la fẹ́ kó dé. Ó ní ṣé ẹran máa wà níbẹ̀, mo ní ewúrẹ́ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí àwo mọ́, mo ní ìyáàfin, mímọ́ tí àwo yìí mọ́ gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ló bá na ike kékeré kan sí mi, ó ní kí n lọ ya ìgbẹ́ sí i. Ẹnu yà mí. Mo ní ọmọ mi ló ya fíìmù, ṣé kì í ṣe òun náà ló yẹ kó ya ìgbẹ́ ni? Ó ní ẹni tó bá wá gba láísẹ́ǹsì ló ń yà á. Mo rántí ẹkún rẹ, mo wọ ṣáláńgá. O mọ̀ pé inú mi kì í tètè ṣiṣẹ́, àmọ́ mo lóṣòó tì í títí ó fi gbà fún mi.

Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n ní kò sí aràn, kò sí àrùn. Ìwé ti jáde, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀ gbàǹgbà. Mùsbáù awakọ̀ ló ń mú un bọ̀ pẹ̀lú gàrí àti epo. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ìwé bùkà ni. Mo ní awakọ̀ lòun, kí ló mọ̀ nípa fíìmù?

Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi iṣẹ́ rẹ. Nurat ní òun ń bọ̀ wá fojú ara òun wo àwo náà, torí náà ọ̀rọ̀ jíjáwọ́ ti tán nílẹ̀, fi ẹyọ kan ránṣẹ́ kó tó dé, ì báà jẹ́ àwo lásán. Fi owó díẹ̀ kún un kí n ra fìlà funfun àti aṣọ funfun tí wọ́n ń so mọ́ iwájú, Nurat ní aṣọ iṣẹ́ wa nìyẹn.

Má ta kámẹ́rà yẹn o. Bí àwọn ará òkè òkun bá tún dá ọ lóró, má sunkún fún wọn, sọ fún wọn pé bàbá rẹ lóṣòó ní ṣáláńgá Ore nítorí àwo yìí, kí wọ́n bi ara wọn bóyá bàbá tiwọn lè ṣe é. Orúkọ rẹ á rìn jìnnà ju títì Benin lọ.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò láràn,
Elisha Adéyẹyè