Ẹ̀rọ Wọn Wà Lórí Wáyà Nígbà Tí Ìyá Mi Ń Pè

                                        Ilé Kejìlá, Òpópónà Alábẹ̀bẹ̀,
                                        Ìtòsí Ojú Ẹlẹ́gbà,
                                        Sùúrùlérè, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje, 1997.

Àǹtí Ṣìmí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ṣé ara yín ti le, àbí ẹ̀yìn ṣì ń dùn yín? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ ní n kò tíì gbàgbé ẹran tí wọ́n fi ṣe mí lálejò ní Ìbàdàn. Ara tèmi náà le, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún ní ilé ọkọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí. Ẹ má wo bí ìwé mi ṣe rí wágunwàgun, ẹ mọ ibi tí mo kà á dé.

Ẹ rántí pé ọkọ mi àti Solomon ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń tún kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe, èyí tí àwọn ọ́fíìsì ti kó dànù. Wọn kì í tà á o. Wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, bí ẹlòmíì ṣe fẹ́ràn ẹyẹlé. Ní báyìí, wọ́n ti ń so ó mọ́ wáyà tẹlifóònù tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀ sínú ilé, tí kọ̀ǹpútà wa á máa bá ti òyìnbó kan ní Ìlú Ọba sọ̀rọ̀. Òyìnbó náà ń kó ògbólógbòó kọ̀ǹpútà jọ bíi tiwọn. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Solomon a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyàwó, ẹ̀rọ yìí ti wà nílé kí o tó dé. Ìyáálé ẹ ni, máa kúnlẹ̀ kí i." Mo máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi ránṣẹ́ pé kí n dúró ti fóònù láàárọ̀ Sátidé, pé bàbá fẹ́ gbọ́ ohùn mi kí wọ́n tó gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, torí ẹni tó bá wọbẹ̀ kò mọ̀ bóyá òun á jáde. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní ó dáa.

Àǹtí mi, mo tètè wẹ̀, mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, mo jókòó. Ọkọ mi àti Solomon wà nídìí kọ̀ǹpútà wọn nínú pálọ̀ kan náà. Èmi rò pé níwọ̀n ìgbà tí fóònù ti wà lórí ìjókòó rẹ̀, ó lè dún nígbàkígbà. Ta ló sọ fún mi pé bí ẹ̀rọ wọn bá wà lórí wáyà, ẹni tó ń pè wá kò lè wọlé? Nígbà tó pẹ́, mo gbé e láti wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ariwo kan ń hó nínú rẹ̀ ṣáá, bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná. Ọkọ mi jágbe mọ́ mi pé, "Gbé e kalẹ̀, o fẹ́ já wa." Mo gbé e kalẹ̀. Mo tún kúnlẹ̀ bẹ Solomon pé kó má bínú. Ìkúnlẹ̀ yẹn ló ń dùn mí jù. Àwọn tó dí ọ̀nà mọ́ ìyá mi ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Teslim, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń kó iṣu wá sí Ọ̀yìngbò, yà sọ́dọ̀ mi. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, "Látí, o ti di ará Èkó. Ìyá ẹ dúró lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń pe fóònù títí ẹsẹ̀ wọn fi wú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè, ẹni tó ń bá wọn tẹ fóònù á ní ẹ ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀?" Wọ́n gbé bàbá wọlé láìgbọ́ ohùn mi. Ọlọ́run ṣàánú, iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n Teslim ní láti ìgbà tí bàbá ti lajú, wọ́n ti béèrè gbogbo ọmọ, wọn ò béèrè tèmi.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo bi í pé kí ni òun àti òyìnbó yẹn ń sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní àwọn bi í bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ní òjò ń rọ̀. Òjò. Ìyá mi wà lórí ìlà, bàbá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi wáyà kan ṣoṣo tó wà nílé béèrè òjò ìlú onílùú.

Ó ń bẹ̀ mí láti ìgbà náà, ó ní òun gbàgbé ni. Tótó ó ṣe bí òwe o, Àǹtí, ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo mọ̀ pé èèyàn dáadáa ni, mo sì ń retí pé ilé wa á tòrò. Ṣùgbọ́n ó ní kí n sọ fún wọn nílé pé fóònù ló bàjẹ́. Mo kọ̀. Láti ọjọ́ tó ti gbé mi níyàwó, n kò tíì kọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu rí.

Ọ̀la ni àwa méjèèjì ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní òun ni yóò dọ̀bálẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì, tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó dí ọ̀nà mọ́ ohùn mi. N kò ní bá a sọ ọ́, n kò sì ní bá a bẹ̀bẹ̀. Bí bàbá bá pè mí mọ́ra lẹ́yìn náà, a ó jọ padà sílé. Bí wọn ò bá pè mí, èmi á dúró tì wọ́n títí wọn á fi pè mí, kí ọkọ mi máa dá lọ sí Èkó.

Ẹ fi wá sínú àdúrà, ẹ sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.

                                        Èmi àbúrò yín tó fọkàn tán yín,
                                        Lateefat.