Ohùn Mi Nínú Fóònù Ìyá Mi

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kejì, 2013

Wọ́n tan òpó fóònù náà lónìí. Láti ẹ̀yìn ìkórè ló ti dúró lẹ́yìn ilé Naa, ọba abúlé wa, bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ. Kò gbọ́, kò fọhùn. Lónìí ó lajú. Àwọn èèyàn ń rìn káàkiri àgbàlá, fóònù lókè, ẹ̀rín lẹ́nu bí aṣiwèrè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lábẹ́ igi máńgòrò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ilé ìdáná. Ìyá Àgbà ní ó kù kó wọ inú ìkòkò.

Ó tán nìyẹn fún òkìtì ikán ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Orí rẹ̀ ni gbogbo wa máa ń gùn ká tó lè pe ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀ la ti máa ń gbọ́ ta ló lóyún ní Kùmásí àti ọkọ ta ni kò fi nǹkan ránṣẹ́. Ó yẹ kínú mi dùn. Kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Àgùnfọn kò pè. Ẹ̀gbọ́n mi Neindow ni— ọrùn rẹ̀ gùn, èmi nìkan ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀, nínú ìwé yìí nìkan. Lẹ́yìn ìkórè ló lọ sí gúúsù lọ wa góòlù. Ọjọ́ tó ń lọ, ó nawọ́ sí òpó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò: "Suhuyini, ọjọ́ tí nǹkan yìí bá lajú, èmi ni màá kọ́kọ́ pè. Ìyá ò ní gun òkìtì mọ́."

Ó ti lajú o.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kejì

Ìyá ní kí n pè é. Mo pè é. Obìnrin inú fóònù yẹn ló dáhùn, eléyìí tó máa ń fi òyìnbó sọ pé ọwọ́ ò tó ẹni tí a ń pè. Ìyá kò gbọ́ òyìnbó.

"Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ó wà nínú kòtò, ó ń ṣiṣẹ́. Á pè tó bá jáde."

"Obìnrin yẹn mà ṣèèyàn o. Ṣé òun ló ń se oúnjẹ fún wọn níbẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni ǹ bá sọ? Lórí òkìtì pàápàá, bí mo ṣe ń túmọ̀ fún un nìyẹn láti oṣù tó kọjá. Ó ti ń gbàdúrà fún obìnrin náà báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kejì

Lẹ́yìn ìrun jímọ̀, ọkùnrin ilé iṣẹ́ fóònù wá sí àgbàlá Naa. Bàtà rẹ̀ ń dán débi pé adìẹ ń wo ara wọn nínú rẹ̀. Ọ̀gá Bàtà. Ọmọ wa ni, Dàgọ́ḿbà gidi, ṣùgbọ́n Accra ló dàgbà sí. Èdè wa ń tiro lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, ilé olówó nìkan ni tẹlifóònù wà ní gbogbo Tamale. Ní báyìí, darandaran ní fóònù. Ó ní èyí kò tíì tó nǹkan kan. Ó ní lọ́jọ́ iwájú a ó fi fóònù rà, a ó fi tà, nọ́ọ̀sì á fi yẹ aláboyún wò láti ọ̀nà jíjìn, àwọn ìyá á sì máa rí ojú ọmọ wọn tó wà ní gúúsù.

Ìyá gbé orí sókè níbi tó jókòó sí.

Àgbàlagbà kan ní, "Ṣé á máa rọ òjò náà?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Naa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀rọ tó fẹ́ ṣe gbogbo ìyẹn, kí ló dé tí kò lè fi èdè wa kí wa?"

Ọ̀gá Bàtà ní ohun tó gbé òun wá gan-an nìyẹn. Wọ́n ń wá ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ já gaara, tó lè ka èdè wa. Wọ́n gbé ìwé fún Amina, ó kàn ń rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́. Wọ́n gbé e fún mi. Ọdún tí bàbá wa kú ni mo kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé ìwé kíkà. Mo kà á. Ọ̀gá Bàtà ní ká má wá ẹlòmíràn mọ́.

Ìyá Àgbà pariwo: "Ẹnu tó ń bá gbogbo ilé jà! Ọlọ́run ò dá nǹkan kan lásán!"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kejì

Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti gba ohùn mi sílẹ̀, gíláàsì gbogbo ní títì, nítorí awó Ìyá Àgbà kò fẹ́ dákẹ́. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí màá máa sọ dípò obìnrin olóyìnbó inú fóònù yẹn, ni pé: "Ẹni tí ẹ ń pè kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún pè tó bá yá."

Nǹkan tutù kan kọjá lórí ahọ́n mi níbi "kò sí" yẹn. Mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí—"

Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i."

Mo fi ẹ̀rín sí i.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kejì

Ohùn mi wọlé lónìí. Mo fẹ́ kú.

Máá Sanatu tó ń ta irú ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó pe ọmọ rẹ̀ ní Kùmásí. Ẹni tí ẹ ń pè kò sí. Ó ju fóònù sínú eérú, ó ká ọwọ́ lérí, igbe ta. Kó tó di àkókò ìrun alásárì, wọ́n ti tẹ́ ẹní fáwọn ọkùnrin níta, ẹnì kan ti lọ pe àfáà, omi ti ń hó lórí iná. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún nínú eérú. Ọmọ náà ni! Ilé aládùúgbò ló gbé fóònù rẹ̀ sí kó gba iná.

Máá Sanatu ń sunkún, ó ń bú u: "Ta ní ní kí o jí? Mo ti ní kí wọ́n pa ewúrẹ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn wò mí.

Nílé wa, ẹni tó lọ sóko, a ó ní ó lọ sóko. Ẹni tó lọ sọ́jà, ó lọ sọ́jà. A kì í kàn sọ pé èèyàn kò sí. Ẹni tí kò sí, a ti wẹ̀ ẹ́, a ti sin ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kejì

Amina lẹ́bàá kànga: "Suhuyini, jọ̀ọ́, má dárúkọ mi lẹ́nu o. Mi ò tíì lọ́kọ." Gbogbo àwọn tó ń pọnmi ló kí i kú ọ̀rọ̀.

Mo ti ri fóònù Ìyá mọ́ inú àpò àgbàdo. Mo sọ fún un pé bátìrì ti kú, pé mo ti gbé e lọ gba iná.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kejì

Ìyá rí fóònù náà. Ó ti fi ojú mọ ibi tí mo máa ń tẹ̀ tí mo bá fẹ́ pe Àgùnfọn. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́.

Ìdí òrí tó ń pò ló ti wá bá mi, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ìwọ ni mo gbọ́."

Mo ní, "Ìyá, àṣìṣe ọ̀rọ̀ ni, gbogbo èèyàn ló ń—"

"Obìnrin ọjọ́sí, tó ń se oúnjẹ fún wọn. Ṣé ohun tóun náà ń sọ nìyí?"

Mo nawọ́ láti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí òrí rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú igbá— pọ̀, pọ̀, pọ̀— títí òrí yẹn fi ju ti gbogbo ọdún lọ ní funfun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kejì

Ìpàdé. Ìyá kò wá. Ọ̀gá Bàtà bọ́ bàtà rẹ̀ síta kí wọ́n tó sọ fún un. Ó ní, "Èmi ni mo kọ ọ́. Ní Accra, ẹni tí kò sí, kò sí nílé náà ni."

Naa ní, "Ọmọ mi, níbí, ẹni tí kò sí nílé, oko ló wà. Ẹni tí kò sí, ilẹ̀ ló wà."

Wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹnì kan ní kó máa sọ pé ó ń sùn. Òmíràn fèsì: "Kí ìyàwó mi bi mí pé lọ́dọ̀ ta ni?" Ẹ̀rín.

Ìyá Àgbà ló parí rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ò mọ ibi tí ẹni náà wà, kó má purọ́ mọ́ ọn. Ohùn ẹni tó ń pè ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó mọ̀ ni kó sọ: "Ohùn yín kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Wọ́n gbà á sílẹ̀ lẹ́nu mi lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá Bàtà ní kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó wọlé. Ó ní wọ́n á tún nílò mi ní Tamale, iṣẹ́ gidi, iṣẹ́ olóṣù. Ó yẹ kínú mi dùn. "Kò tíì" yẹn ni mò ń rò. Mo gbé e lọ sílé fún Ìyá. Ó ní, "Kò tíì." Ó jẹun lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kẹta

Yakubu dé. Òun àti Àgùnfọn ni wọ́n jọ lọ. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrù lọ́sàn-án gangan, kò wọlé. Ó jókòó síta, ó gbé fìlà Àgùnfọn lé orókùn. Ìyá rí fìlà.

Kòtò ló ya lù wọ́n. Oṣù kìíní. Wọn ò rí wọn wú. Fóònù wà lápò rẹ̀, nọ́ńbà gbogbo wa sì wà nínú fóònù. Yakubu ò mọ̀kan lórí. Ó ń dúró dìgbà tó máa rí owó ọkọ̀, kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Kí òpó tó lajú ló ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mò ń pè, abẹ́ ilẹ̀ ni mò ń pè.

"Kò sí" tí gbogbo abúlé fi bú mi yẹn, òun ni òtítọ́ nípa Àgùnfọn.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹta

Adúà. Kò sí òkú láti wẹ̀.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹta

Ọ̀rọ̀ tuntun ti wọlé. Máá Sanatu pe ọmọ rẹ̀ nígbà tó mọ̀ pé ó ti pa fóònù, kó ṣáà lè gbọ́ ọ. Ó ní ó dùn létí. Wọ́n ń kí mi lọ́nà. Amina pàápàá.

Mo wá Ìyá títí. Mi ò rí i nínú ilé, mi ò rí i nídìí òrí. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni mo ti rí i, lórí òkìtì ikán. Kò sẹ́ni tó ń gùn ún mọ́, koríko ti fẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbi gbogbo. Orí òkìtì ló ṣì gùn.

Mo gùn ún lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Fóònù wà létí rẹ̀, èmi náà sì ń gbọ́ ara mi nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀: Ohùn yín kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún pè tó bá yá.

Mo nawọ́ sí èjìká rẹ̀. Mo fà á padà.

Ìyá mirí bí ẹni tó gbà.

"Ó dáa, ọmọ mi," ó wí fún fóònù. "Màá tún pè."